Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Scrabble: Ẹbí Lẹ́tà Ni Kí O Tẹ̀ Lé

Bọ́ọ̀dù Scrabble kì í béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà ló ń béèrè. Ẹni tó bá mọ̀ pé QI tọ́ yóò gba pọ́ìǹtì rẹ̀, ì báà mọ ohun tó túmọ̀ sí, ì báà má mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yinrin yinrin fi lè jókòó níwájú ọmọ girama, kí ọmọ náà sì nà án bí ẹni ń na aṣọ.

Collins Scrabble Words, ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà àti ní ìdíje àgbáyé, ní ọ̀rọ̀ tó lé ní 279,000. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kà á láti A dé Z, B ni yóò ti rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ kà á tán, kò tíì rí nǹkan ṣe, torí lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ìwé atúmọ̀ èdè fi ń to ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó ń fa lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú àpò. Lẹ́tà méje tó dàrú mọ́ra lo máa fà. Nítorí náà, bí àpò ṣe ń fún ọ ní lẹ́tà ni kí o ṣe to ọ̀rọ̀ sínú orí: gbogbo ọ̀rọ̀ tó jọ ní lẹ́tà kan náà, inú yàrá kan náà ni kí wọ́n máa sùn.

Ohun tí o nílò

Bébà káàdì A4 tó nípọn díẹ̀, ogójì ẹyọ. Gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́jọ, wàá ní káàdì 320, ìyẹn á tó ọ lò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àpòòwé ńlá márùn-ún, kí o kọ 1 dé 5 sí wọn lára. Bírò, ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, àti Scrabble gan-an. Bí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà bá wà, Zyzzyva, ètò orí ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ Scrabble, lè ṣe iṣẹ́ káàdì àti àpòòwé fún ọ, ó sì ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ṣùgbọ́n káàdì tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ń wọ orí ju èyí tí ẹ̀rọ kọ fún ọ lọ.

Kó o tó kọ káàdì kankan, mú ìwé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nàìjíríà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lo Collins. Amẹ́ríkà àti Kánádà ní tiwọn, NWL, tó kéré sí i. Ọ̀rọ̀ olólẹ́tà méjì tó wà nínú Collins jẹ́ 127 láti ọdún 2019, ti NWL sì jẹ́ 107. Ogún tó fi yàtọ̀ nìyí: CH, DI, EA, EE, FY, GU, IO, JA, KO, KY, NY, OB, OO, OU, ST, UG, UR, YU, ZE, ZO. Ẹni tó kọ́ eré ní Ìbàdàn tó wá lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Houston, àwọn ogún yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ pè níjà, ìyẹn ni pé wọ́n á ní kí a yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n tọ́. Ìtọ́sọ́nà yìí, Collins ló tẹ̀ lé. Má fi eré orí fóònù dán ọ̀rọ̀ wò, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìwé ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Má sì fi ìwé atúmọ̀ èdè ti ilé ìwé dán an wò.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú àpò

Táìlì 100 ló wà níbẹ̀. E jẹ́ 12. A àti I, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. O, 8. N, R àti T, mẹ́fà mẹ́fà. L, S, U àti D, mẹ́rin mẹ́rin. G, 3. B, C, M, P, F, H, V, W àti Y, méjì méjì. K, J, X, Q àti Z, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òfìfo, ìyẹn táìlì tí kò ní lẹ́tà, tó lè dúró fún lẹ́tà tó bá wù ọ́, méjì.

Ohun méjì ni kí o fi ọkàn sí níbẹ̀. S mẹ́rin péré ló wà, ẹni tó bá sì ń fi S gba pọ́ìǹtì mẹ́fà ń fi náírà ra kọ́bọ̀. Èkejì ni pé C, Q, V, X àti Z kò sí nínú ABD Yorùbá rárá, ọwọ́ wa kì í sì í tètè yá sí wọn. A óò padà sórí wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ọ̀rọ̀ olólẹ́tà méjì, fún ọjọ́ mẹ́wàá

Má kọ́ wọn láti AA dé ZO. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ni kí o fi pín wọn.

Ọjọ́ kìíní, èyí tó parí sí A: AA, BA, DA, EA, FA, HA, JA, KA, LA, MA, NA, PA, TA, YA, ZA.

Ọjọ́ kejì, èyí tó parí sí E: AE, BE, DE, EE, FE, HE, ME, NE, OE, PE, RE, TE, WE, YE, ZE.

Ọjọ́ kẹta, èyí tó parí sí I: AI, BI, DI, GI, HI, KI, LI, MI, OI, PI, QI, SI, TI, XI.

Ọjọ́ kẹrin, èyí tó parí sí O: BO, DO, GO, HO, IO, JO, KO, LO, MO, NO, OO, PO, SO, TO, WO, YO, ZO.

Ọjọ́ karùn-ún, èyí tó parí sí U: GU, MU, NU, OU, XU, YU. Mẹ́fà péré ni wọ́n, nítorí náà fi èyí tí Y kẹ́yìn wọn kún un (AY, BY, FY, KY, MY, NY, OY), àti èyí tí kò ní fáwẹ̀lì rárá (CH, HM, MM, SH, ST).

Ọjọ́ kẹfà sí ìkẹsàn-án, mú èyí tó kù, tí fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ wọn: A lọ́jọ́ kan, E lọ́jọ́ kan, I àti U lọ́jọ́ kan, O lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kẹwàá, mú bébà òfìfo, kọ gbogbo wọn jáde láìwo ìwé, kí o sì kà á bóyá ó pé 127. Bí ó bá dín, wo ìlà tó ti dín. Ìlà yẹn nìkan ni kí o tún kọ́.

Ọ̀fìn kan wà níbí tó jẹ́ tàwa Yorùbá gan-an. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa, kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ̀lì kan ló sábà máa ń jẹ́, ojú wa sì ti mọ́ wọn débi pé ọwọ́ lè gbé wọn sórí bọ́ọ̀dù láìronú. GA, RA, SA, WA: kò sí èyí tó tọ́ nínú wọn. LE, KE, SE, JE: wọn ò tọ́. FI, JI, NI, RI, YI: wọn ò tọ́. FO àti RO: bákan náà. Ìlà U ló burú jù, torí KU, LU, SU, TU, JU, FU ń dún bí ọ̀rọ̀ gidi létí wa, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí Collins gbà. Kọ àwọn èké yìí sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ pẹ̀lú bírò pupa. Mímọ èyí tí kò tọ́ ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìtìjú bí èyí tó tọ́ ṣe ń gba pọ́ìǹtì fún un.

Kí ló dé tí a fi ń da ara wa láàmú lórí ọ̀rọ̀ kékeré? Wò ó báyìí. RAIN ti wà lórí bọ́ọ̀dù ní ìbú. O ní B, O, A. Bí o bá to BOA sábẹ́ rẹ̀, kí B wà lábẹ́ A, kí O wà lábẹ́ I, kí A wà lábẹ́ N, ọ̀rọ̀ mẹ́rin lo kọ lẹ́ẹ̀kan náà: BOA, AB, IO, NA. Láìka àwọ̀ ojú bọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ojúlé tó ń sọ pọ́ìǹtì di ìlọ́po, BOA nìkan jẹ́ pọ́ìǹtì 5. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ jẹ́ 13. Ẹni tí kò mọ IO kò lè rí àyè yẹn, ibòmíràn ni yóò gbé BOA lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìkọ́

Ìkọ́ ni lẹ́tà ẹyọ kan tó lè gorí ọ̀rọ̀ tàbí tó lè tẹ̀ lé e nídìí tí yóò sì di ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé nìyí: lẹ́tà iwájú sápá òsì, ọ̀rọ̀ láàárín, lẹ́tà ẹ̀yìn sápá ọ̀tún.

B D F G H L N P R S T W Y — EAR — D L N S

A B E P S — LATE — D N R X

B D G T — RAIN — E S Y

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn nìkan fún ọ ní BEAR, DEAR, FEAR, GEAR, HEAR, LEAR, NEAR, PEAR, REAR, SEAR, TEAR, WEAR, YEAR, àti EARD, EARL, EARN, EARS. Mẹ́tàdínlógún látinú ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ jẹ́léósinmi mọ̀.

Ọ̀rọ̀ olólẹ́tà mẹ́ta lé ní 1,300 nínú Collins, ìkọ́ sì ni ọ̀nà tó yá jù láti kó wọn. Mú ọ̀rọ̀ olólẹ́tà méjì márùn-ún lójúmọ́, wá gbogbo ìkọ́ iwájú àti ẹ̀yìn wọn nínú Zyzzyva tàbí nínú ìwé, kọ ìlà wọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, 127 ti tán. Nígbà tó o bá ń dán ara rẹ wò, fi ọwọ́ bo apá méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ àárín nìkan hàn, kí o sì ka lẹ́tà jáde.

Ìkọ́ tó ń lówó lórí jù kì í ṣe S. Gbogbo ènìyàn ló mọ S, ọ̀tá rẹ náà ń ṣọ́ ọ. Y àti X ló ń gba àyè tí ẹlòmíràn kò rí. Ta ló ń rántí pé LATE lè di LATEX?

Lórí S pàápàá, ilé ìwé ti ṣe wá ní nǹkan kan. Tíṣà fi bírò pupa fa ADVICES, EQUIPMENTS àti FURNITURES ya nínú ìwé wa, ó sì tọ́ lójú gírámà. Lórí bọ́ọ̀dù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọlé. ADVICES jẹ́ lẹ́tà méje gan-an. Bí o bá lo táìlì méjèèje ọwọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan náà, bíńgò nìyẹn, pọ́ìǹtì àádọ́ta lórí ohun tí ọ̀rọ̀ náà bá pa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: orúkọ ìdílé

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ náà ti ń yí padà. Mú ọ̀rọ̀ èyíkéyìí, to lẹ́tà rẹ̀ bí alífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò ó. BOOK di BKOO. Nísinsìnyí, to KOBO: òun náà di BKOO. Ọmọ bàbá kan ni wọ́n. OBA, tó wà nínú Collins pẹ̀lú ìtumọ̀ ọba tiwa, di ABO, orúkọ ìdílé kan náà tí BOA ń jẹ́. Lẹ́tà tí a tò báyìí ni orúkọ ìdílé, àwọn ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ ẹ ni ọmọ ilé.

Bí a ṣe ń ṣe káàdì:

1. Ní iwájú káàdì, kọ orúkọ ìdílé pẹ̀lú lẹ́tà ńlá: OPST.

2. Ní igun òkè, kọ iye ọmọ tó wà nílé: 6. Má fo èyí. Bí o kò bá mọ iye wọn, wàá rí mẹ́rin, wàá sì ní ó ti tán.

3. Ní ẹ̀yìn káàdì, kọ ọmọ ilé náà: OPTS, POST, POTS, SPOT, STOP, TOPS.

4. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ìkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré. Ìkọ́ tí o kọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kì í sọ nù. Èyí tí o ní wàá padà wá kọ́ ni kì í wọlé mọ́.

5. Nígbà àyẹ̀wò, orúkọ ìdílé nìkan ni kí o wò. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fún lẹ́tà mẹ́rin, ogún fún lẹ́tà márùn-ún. Bí àkókò bá pé tí o kò rí gbogbo wọn, o ti kùnà káàdì yẹn. Má ṣàánú ara rẹ.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdílé tó bímọ púpọ̀. AELST wà lára àwọn tó bí jù: LEAST, SLATE, STALE, STEAL, TALES, TEALS, TAELS, STELA, TESLA, LEATS, SALET, SETAL. EILV kéré, ṣùgbọ́n V inú rẹ̀ sọ ọ́ di góòlù: EVIL, LIVE, VEIL, VILE, VLEI. ACERS bí ACRES, CARES, RACES, SCARE, SERAC, ESCAR, CARSE, àti ACERS fúnra rẹ̀.

Má sáré kúrò lórí lẹ́tà mẹ́rin àti márùn-ún. Àwọn ọmọ Nàìjíríà fi wọ́n gbajúmọ̀ láyé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní Perth ní Australia, Wellington Jighere na Lewis Mackay ti England ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìwé ìròyìn gbé lẹ́yìn náà ni FELTY, lẹ́tà márùn-ún, pọ́ìǹtì 36. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ olólẹ́tà márùn-ún máa ń ku táìlì méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ lo sì ń yan èyí tó kù. Ó ń wọ ibi tí bọ́ọ̀dù ti há. Kì í ṣí ojú ọ̀nà fún ọ̀tá bí ọ̀rọ̀ gígùn ṣe ń ṣe. Ẹni tó ń lépa bíńgò ní gbogbo ìgbà máa ń pa táìlì dà láìnídìí, ó ń dúró de lẹ́tà tí kò ní wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lẹ́tà mẹ́fà tó ń pe ìkeje

Bẹ́ẹ̀ náà, bíńgò kò ṣe é fi sílẹ̀. Àádọ́ta pọ́ìǹtì kì í ṣe kékeré. Àmọ́ má kọ́ ọ̀rọ̀ olólẹ́tà méje lọ́kọ̀ọ̀kan. Mú lẹ́tà mẹ́fà tó wọ́pọ̀ nínú àpò, kí o sì kọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ìkeje bá dé.

TISANE ni ìyá wọn. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ wọ́pọ̀, ó sì ń bá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú lẹ́tà yòókù rìn:

A: TAENIAS
B: BASINET
C: CINEAST, ACETINS
D: INSTEAD, DETAINS, SAINTED, STAINED
F: FAINEST
G: SEATING, TEASING, EASTING, INGESTA
H: STHENIA, SHEITAN
K: INTAKES
L: ENTAILS, SALIENT, SALTINE, ELASTIN
M: INMATES
N: INANEST, STANINE
P: PANTIES, SAPIENT, PATINES, SPINATE
R: RETAINS, RETINAS, NASTIER, ANTSIER, STAINER, RETSINA, STEARIN
S: NASTIES, TISANES, SESTINA
T: INSTATE, SATINET
U: AUNTIES, SINUATE
V: NATIVES, NAIVEST, VAINEST
W: WANIEST, AWNIEST
X: ANTISEX
Z: ZANIEST, ZEATINS

Lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin ni kí o mú lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìlà òkè yìí á tán láàárín ọjọ́ márùn-ún. Bí a ṣe ń dán an wò: to T, I, S, A, N, E sórí ráàkì (igi tí a ń to táìlì sí), fi ọwọ́ kan fa táìlì kan látinú àpò. Kí o sọ ọ̀rọ̀ kan jáde kí o tó ka dé mẹ́wàá. Bí E, I, J tàbí O, tí a kò kọ sókè, bá jáde, fa òmíràn. Bí Q tàbí Y bá jáde, dá a padà, má wá nǹkan kan níbẹ̀. Bí òfìfo bá jáde, o lè sọ èyí tó wù ọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, RETINA, torí S kì í fi ìgbà gbogbo wá. Pẹ̀lú C: CERTAIN. D: TRAINED, DETRAIN. E: TRAINEE. F: FAINTER. G: GRANITE, INGRATE, TEARING. H: HAIRNET. K: KERATIN. L: LATRINE, RELIANT, RETINAL. M: MINARET, RAIMENT. P: PAINTER, PERTAIN, REPAINT. T: NITRATE. U: URINATE, TAURINE. W: TAWNIER, TINWARE. Wo bí wọ́n ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ìṣòro wọn kì í ṣe àìmọ̀, àìrí ni. CERTAIN lè dọ̀bálẹ̀ lórí ráàkì rẹ bíi A-C-E-I-N-R-T kí o máa wò ó lójú bí àlejò.

Fún lẹ́tà méje tí kò sí nínú ìyá kankan, ya ìrù ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ lórí ráàkì: ING, IER, IEST, ED, ER lápá ọ̀tún, RE, UN, OUT lápá òsì. Lẹ́tà tó kù ni kí o wá máa yí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò ni pé wọ́n gbà pé RE àti UN lè lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí o bá rí nínú ìwé nìkan ni kí o lò.

Àwọn lẹ́tà tí kò sí nínú ABD wa

V kò ní ọ̀rọ̀ olólẹ́tà méjì kankan. C ní CH nìkan. Èyí túmọ̀ sí pé bí o bá gbé V sí ibì kan, kò sẹ́ni tó lè to ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà a ń fi V dí ọ̀nà nígbà tí a bá ti ń borí. Bí V bá wà lọ́wọ́ rẹ tí kò rí àyè, tètè gbé e kúrò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ olólẹ́tà mẹ́rin.

Q láìsí U lẹ́yìn rẹ̀, kọ́ mẹ́rìnlá yìí: QI, QIS, QAT, QATS, SUQ, QAID, QADI, QOPH, WAQF, FAQIR, NIQAB, BURQA, TALAQ, TRANQ. Ẹni tó bá ti dé mọ́ṣáláṣí ti gbọ́ díẹ̀ nínú wọn rí. QI ni yóò gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

X ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, torí ó ń bá fáwẹ̀lì lọ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn: AX, EX, OX, XI, XU. Bí àyè bá wà tí X lè bọ́ sórí ojúlé tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta, kí ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ní ìbú àti ní òró, X nìkan á pa 24 lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn 48, kí a tó ka lẹ́tà yòókù. Máa wá irú àyè yẹn kí o tó ṣe ohunkóhun pẹ̀lú rẹ̀. Z náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ZA, ZE àti ZO, tirẹ̀ á sì jẹ́ 60.

Nígbà tí fáwẹ̀lì bá kún ọwọ́: ADIEU, AUDIO, AERIE, MIAOU, OUIJA, AALII, COOEE. Nígbà tí kò bá sí rárá: NTH, TSK, PSST, CWM, CRWTH, RHYTHM. Ogún péré ni kí o kọ́ nínú irú wọn, má sọ wọ́n di iṣẹ́.

Àpòòwé márùn-ún

Káàdì tuntun 15 lójúmọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo káàdì tuntun, àpòòwé 1 ni. Bí o bá gbà á, ó bọ́ sí 2; bí o bá tún gbà á, 3, títí dé 5. Bí o bá kùnà, ibi yòówù kó wà, ó padà sí 1. Àpòòwé 1 lójoojúmọ́, 2 lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, 3 lọ́sẹ̀ kan kan, 4 lọ́sẹ̀ méjì méjì, 5 lóṣù kan kan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ tó. Ẹni tó ń ṣe wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé tí kò fọwọ́ kàn án títí Sátidé mìíràn, inú apẹ̀rẹ̀ ló ń pọn omi sí.

Bí àpòòwé 1 bá ti ju káàdì 60 lọ, dá tuntun dúró títí yóò fi dín sí 20. Àìṣe èyí ló ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn pa á tì ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ibi tó ti ń bàjẹ́

Kíkọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú etí. Etí Yorùbá máa ń sọ V di F, ó ń sọ Z di S, S àti SH sì máa ń gba ipò ara wọn. Bí o bá ń pe NAIVEST sókè láti há a sórí, ọwọ́ rẹ lè wá F. Lẹ́tà ni kí o máa kà: N, A, I, V, E, S, T.

Mímọ káàdì nípa ààyè rẹ̀. Bí o kò bá da káàdì rú kí o tó bẹ̀rẹ̀, orí rẹ á há a pé lẹ́yìn OPST ni AELST ń bọ̀. Lórí bọ́ọ̀dù, kò sí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ohun kan.

Ríronú pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí o kò mọ̀, irọ́ ni. Ẹni tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ máa ń fẹ́ pe ohun gbogbo níjà. Kọ́kọ́ béèrè òfin: ní ìdíje kan, bí o bá pe ọ̀rọ̀ tó tọ́ níjà, wọn á fún ọ̀tá rẹ ní pọ́ìǹtì márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ní Amẹ́ríkà, ìwọ ni wàá pàdánù ìgbà tìrẹ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ lẹ́tà méjì, tí o sì ti parí ìgbésẹ̀ kìíní, o kò ní àwíjàre: yálà ó wà nínú 127 tàbí kò sí. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà méje, to orúkọ ìdílé rẹ̀ sínú orí kí o tó na ọwọ́, wò ó bóyá ọmọ ilé tí o mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó bá kó ìfura bá ọ, bóyá o pè é tàbí o kò pè é, kọ ọ́ sí etí ìwé máàkì rẹ. Nígbà tí eré bá parí, yẹ̀ ẹ́ wò, kí o sì ṣe káàdì rẹ̀ kí o tó sùn.